Lẹ́tà Ẹ̀yìn Aago: Ẹ Kà Á Kí Ẹ Tó Tún Un Fín

(Ọ̀rọ̀ àsọyé níwájú àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, àwọn ọmọṣẹ́ wọn àti àwọn tó fẹ́ràn aago àtijọ́, ní Iléṣà)

Mo júbà Olódùmarè. Mo júbà ẹ̀yin àgbà tí ẹ jókòó síwájú. Ẹ̀yin alágbẹ̀dẹ wúrà, ẹ̀yin tí ẹ ń tún aago ṣe ní Ọjà Àtàkúnmọ́sà, ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ pa àtẹ tì wá síbí, ẹ̀yin ọmọṣẹ́ tí ọ̀gá yín ní kẹ́ ẹ wá jókòó kẹ́ ẹ gbọ́: ẹ kú ìjókòó o. Ẹ kú ooru. Ìjẹ̀ṣà, ọmọ Obòkun, ẹ kú ilé.

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí lẹ́tà tí wọ́n fín sára aago ọwọ́ àtijọ́, èyí tó ti ń parẹ́, àti bí a ṣe lè mú un bọ̀ sípò. Nígbà tí ẹni tó pè mí kọ́kọ́ sọ ọ́ lórí fóònù, mo ní, "Ṣé ẹ ò fẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí ẹ́ńjìnnì aago ni?" Ó ní rárá, pé ẹ́ńjìnnì ni gbogbo èèyàn ń sọ. Mo rò ó títí, mo rí i pé òótọ́ ló sọ. Bí ẹ́ńjìnnì aago bá kú, a lè rí òmíràn rà. Orúkọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò ní sípiapáàtì lọ́jà kankan.

Kí la fẹ́ mú bọ̀ sípò?

Ta ni nínú wa tí bàbá rẹ̀ kò ní aago kan tí ọmọdé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn? Ẹ dá mi lóhùn. Olùkọ́ fẹ̀yìntì, wọ́n fún un ní aago, wọ́n fín orúkọ rẹ̀ àti iye ọdún tó fi sìn sẹ́yìn rẹ̀. Òṣómàáàló kiri aṣọ títí dé Òkè Ọya, ó gbowó rẹ̀ bọ̀ wálé, ó ra Seiko, ó ní kí wọ́n bá òun fín orúkọ sí i kí ará ilé kan má baà sọ lọ́la pé tòun ni. Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ mọ̀ pé ó máa ń ṣẹlẹ̀.

Àwọn àgbà ní orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ. Àwa tí à ń jókòó ti tábìlì aago, orúkọ tó wà lórí wúrà ni wọ́n ń gbé wá bá wa, ọwọ́ wa ló sì kù sí, èwo nínú méjèèjì la máa gbà là.

Màmá kan wá láti Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, ó gbé aago ọkọ rẹ̀ tó ti dolóògbé wá. Ó ní, "Bàbá aláago, lẹ́tà ẹ̀yìn rẹ̀ ti tán pátápátá. Ẹ bá mi tún un fín, ọmọ mi ń bọ̀ láti òkè òkun, òun ni mo fẹ́ gbé e fún." Mo gbà á, mo wò ó. Lóòótọ́, ẹ̀yìn aago dúdú, kò sí ohun tí ojú lè kà níbẹ̀. Mo yọ ìdérí ẹ̀yìn, mo rẹ ẹ́ sínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ pẹ̀lú ọṣẹ, mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ọmọdé rọra fọ̀ ọ́. Omi náà yí dúdú. Òógùn ni, pẹ̀lú pàǹtí ara àti páúdà, ọdún lórí ọdún. Nígbà tí mo fi omi ṣàn án, orúkọ bàbá wà níbẹ̀ láìku ẹsẹ̀ lẹ́tà kan. Ọ̀dà dúdú inú lẹ́tà nìkan ló ti lọ. Màmá ní, "Háà! Ṣé ìdọ̀tí ni mo ti ń tọ́jú láti ọjọ́ yìí?"

Ohun tí mo wá sọ kò ju ẹyọ kan yẹn lọ, ẹ̀ka rẹ̀ ni gbogbo ìyókù: púpọ̀ nínú lẹ́tà tí wọ́n ní ó ti parẹ́, kò tíì parẹ́. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ kà á, ẹ kùn ún. Fífín ló gbẹ̀yìn, ìgbà míì sì wà tí kò yẹ kó wáyé rárá.

Bí lẹ́tà ṣe dé ara irin

Ṣé gbogbo lẹ́tà ara aago ni wọ́n fín? Rárá o. Èyí tó wà lójú aago, lábẹ́ gíláàsì, ọ̀dà lásán ni wọ́n tẹ̀ síbẹ̀. Gbogbo ohun tí mo máa sọ lónìí, ojú aago kò sí nínú rẹ̀. Ẹ kan asitóònù, omi tí wọ́n fi ń yọ kútẹ́ẹ̀sì, mọ́ ọn pẹ́nrẹ́n, orúkọ iléeṣẹ́ á bá òwú lọ. Àwọn aago tó ti pẹ́ gan-an, tí ojú wọn máa ń tàn lóru, rédíọ́ọ̀mù ló wà nínú ọ̀dà wọn, kò sì dáa fún ara. Ẹ má ha á, ẹ má fẹnu fẹ́ eruku rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sí ẹ̀yìn. Lẹ́tà ti iléeṣẹ́, òǹtẹ̀ irin ni wọ́n sábà máa fi ń lù ú wọlé. Ẹ mú Seiko 5, èyí tí Japan bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní 1963, tó gba ọrùn ọwọ́ gbogbo bàbá ilẹ̀ yìí kan. Ẹ yí i padà. Ẹ ó rí nọ́ńbà mẹ́rin, ìlà kékeré kan, nọ́ńbà mẹ́rin míì. Mẹ́rin àkọ́kọ́ ni ti ẹ́ńjìnnì, bíi 6119 tàbí 7009. Mẹ́rin tó tẹ̀ lé e ni ti ara aago. Ẹ ó tún rí òmíràn tó jẹ́ mẹ́fà. Èyí àkọ́kọ́ nínú mẹ́fà yẹn ni nọ́ńbà tó parí ọdún tí wọ́n ṣe é, èkejì ni oṣù. Oṣù kẹwàá ni O, ìkọkànlá ni N, ìkejìlá ni D. Tí ẹ bá rí 4N níbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, tí ẹ́ńjìnnì sì jẹ́ 6119, oṣù kọkànlá 1974 ni. Mo ti rí ọmọ ìyá méjì tó ń jiyàn bóyá kí bàbá wọn tó kọ́lé ló ra aago àbí lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀yìn aago ló yanjú ẹ̀.

Òǹtẹ̀ kì í gé irin kúrò, ńṣe ló ń tì í wọlé, irin abẹ́ lẹ́tà á sì ki pọ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ṣèwádìí fún ọlọ́pàá fi lè fi ásíìdì wá nọ́ńbà ìbọn tí olè ti fi fáìlì rẹ́, tí nọ́ńbà á sì tún yọjú. Ẹ má dán an wò nílé o. Mo kàn sọ ọ́ kẹ́ ẹ lè mọ̀ pé irin kì í tètè gbàgbé.

Lẹ́tà ọwọ́ yàtọ̀. Irin ìfín ẹlẹ́nu ṣóńṣó ni oníṣẹ́ fi ń gé irin kúrò díẹ̀díẹ̀. Kòtò tó bá gbẹ́, òkè rẹ̀ á fẹ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á ṣóńṣó. Torí náà, bí ojú irin bá ṣe ń jẹ sí, bẹ́ẹ̀ ni ìlà lẹ́tà á máa tín-ín-rín sí. Ìlà tó tẹ́ẹ́rẹ́ á kọ́kọ́ lọ, èyí tó nípọn á ṣẹ́kù. Ẹni tó fín E pẹ̀lú ẹsẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ní 1960, I lẹ máa bá níbẹ̀ lónìí. Tí ẹ bá wá kánjú fín I jáde, ẹ ti yí orúkọ olórúkọ padà nìyẹn.

Ti lésà ayé ìsinsìnyí, òkè ojú irin ló wà, kò jìn. Kò sí púpọ̀ láti sọ níbẹ̀.

Ohun tó ń jẹ lẹ́tà

Ara ọwọ́ ń jẹ ẹ́, òógùn ń jẹ ẹ́, okùn aago onírin ń jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n kí gbogbo wọn para pọ̀ fún ogójì ọdún, wọn ò tó ìṣẹ́jú márùn-ún lábẹ́ ẹ̀rọ pólíìṣì. Ẹ̀yin ọmọṣẹ́, ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Ẹ gbọ́ dáadáa: pólíìṣì kì í ṣe fífọ̀. Dídán tí ẹ̀ ń rí yẹn, irin tó ti lọ ni.

Bọ̀dá kan gbé aago bàbá rẹ̀ fún ẹnì kan ní ìlú ńlá kan pé kó bá òun nù ún. Aago padà wá, ó ń kọ mànà. Wọ́n yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà, ó tẹ́jú pẹrẹsẹ. Orúkọ bàbá kò sí, ọdún tó fẹ̀yìntì kò sí. Ó gbé e tọ̀ mí wá, mo tan iná sí i láti gbogbo ẹ̀gbẹ́, àmì tíńtín méjì ni mo rí, mi ò sì lè búra pé ara lẹ́tà ni. Mo bi í pé, "Ṣé ẹ yà á ní fọ́tò kẹ́ ẹ tó gbé e lọ?" Kò yà á. Ó jókòó sórí àga mi, kò sọ̀rọ̀.

Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Aago tó ti lo ogójì ọdún, tó wá ń dán bí èyí tó jáde láná, wọ́n ti gba àkísà rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ni.

Kíkà

Báwo la ṣe ń ka ohun tí ojú ò rí? Lẹ́yìn tí ẹ bá ti fọ̀ ọ́, tó gbẹ, ẹ pa iná yàrá. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù yín. Ẹ má tàn án láti òkè! Ẹ gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdérí aago, kí iná máa rá kọjá lórí irin. Ibi tó bá jìn, bó ti wù kó kéré mọ, á ní òjìji. Ẹ wá máa yí ìdérí náà díẹ̀díẹ̀, torí ìlà tó bá dojú kọ ọ̀nà kan náà pẹ̀lú iná kì í ní òjìji; ẹsẹ̀ E mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè fara pamọ́ níbi tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti yọ kedere. Ẹ yà á ní fọ́tò bí ẹ ṣe ń yí i. Tí ẹ bá to fọ́tò wọ̀nyẹn síwájú, ohun tí ọ̀kan gbé pamọ́, òmíràn á gbé e jáde.

Ọ̀nà míì tún wà tí kò náni ní kọ́bọ̀. Ẹ lọ ẹfun kúnná, ẹ fi ìka rà á lórí irin, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ nù ún: ẹfun á ṣẹ́kù sínú kòtò. Tàbí kẹ́ ẹ tẹ́ bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé e, kẹ́ ẹ fi pẹ́ńsùlù rọra ra orí rẹ̀. Ẹ kàn tiẹ̀ lè mí sí i. Nígbà míì lẹ́tà á yọ kí èémí tó gbẹ.

Ẹni tó bá mọ ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ máa ń tètè kà á. Ẹ̀yìn aago àtijọ́, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń wáyé lórí wọn: STAINLESS STEEL BACK, WATER RESISTANT, 17 JEWELS. Ti ẹni tó fín orúkọ ni kò ní àpẹẹrẹ, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bi ìdílé. Ẹ bi wọ́n kẹ́ ẹ tó sọ ohun tí ẹ̀yin rò fún wọn, torí tí ẹ bá ti fi orúkọ kan sí wọn lẹ́nu, wọ́n á gbà pé òun ni.

Ọ̀dà

Ibí yìí ni mo fẹ́ jókòó sí, torí ibẹ̀ ni mẹ́jọ nínú mẹ́wàá iṣẹ́ yìí máa ń parí sí.

Ọ̀dà wo? Ẹnámẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi ń kun irin ló dáa jù. Kútẹ́ẹ̀sì dúdú ńkọ́? Mo rí i lójú yín pé ẹ fẹ́ bi mí. Ó máa ń wọ kòtò, ó sì máa ń dán, ṣùgbọ́n tí òógùn bá ti wọ abẹ́ rẹ̀ á ṣí bí èèpo. Ẹni tó ń ṣe é fún ara rẹ̀, kó lò ó. Àwa tí à ń gbowó iṣẹ́, kò yẹ wá.

Ẹ fi sípíríìtì nù ún kí òróró ìka má ṣẹ́kù níbẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, etí ìdérí nìkan lẹ ó máa dì mú. Ẹ fi ẹnu igi ìtayín mú ọ̀dà, kó má ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Ẹ fi kan ibi tí lẹ́tà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ó rí i tí ọ̀dà á gba inú kòtò lọ fúnra rẹ̀, títí dé ìkángun. Ó máa ń dùn mọ́ mi láti wò ó, títí di òní. Ibi tó bá ti dúró, ẹ tún fi kan án. Tó bá kún bo etí lẹ́tà, ẹ má bẹ̀rù, ọ̀dà máa ń rọlẹ̀ tó bá ń gbẹ.

Ẹ fi í sílẹ̀ títí ojú rẹ̀ ò fi ní lẹ̀ mọ́ ìka mọ́, ṣùgbọ́n kí inú rẹ̀ ṣì rọ̀. Ó wá ku nínù. Òwú ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa mú, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ bọ tapẹntáìnì, wọ́n á nù ún. Òwú rọ̀, inú kòtò ló ń gbà lọ, á kó gbogbo ọ̀dà jáde, iṣẹ́ á tún bẹ̀rẹ̀ látorí. Ohun tó tẹ́jú tó sì le díẹ̀ ni kẹ́ ẹ wá. Èmi, páálí ìwé ìpè ìgbéyàwó ni mo fi ń ṣe tèmi. Mo ká a, mo fi tapẹntáìnì kan etí rẹ̀, mo fà á kọjá lórí lẹ́tà lẹ́ẹ̀kan, sí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo. Mo yí i sí ibi tó mọ́, mo tún fà á. Ojú irin ló ń nù, kò lè dé inú kòtò. Ìwé ìpè ìgbéyàwó kò sì lè wọ́n wa ní Iléṣà, gbogbo Sátidé la ń gbà á (ẹ̀rín). Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la fi ń pa àmúkùrù ẹpọ̀n. Ẹ̀yin ìyá, ẹ dárí jì mí. Ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kẹ́ ẹ tó dé e padà.

Àwọ̀ tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni kẹ́ ẹ dá padà. Òrùka ojú aago àwọn tó ń wẹdò, èyí tó ní nọ́ńbà yíká, tí ti tẹ́lẹ̀ bá jẹ́ funfun, ẹ má sọ ọ́ di pupa torí pé pupa ló wù yín.

Mo sì fẹ́ kìlọ̀: ẹ má ṣe iṣẹ́ yìí nígbà tí gíláàsì bá ṣì wà lára aago. Gíláàsì ọ̀pọ̀ aago àtijọ́, ike ni. Asitóònù kan kán sí i, ó ti fọ́ jànjàn nínú, kò sì sí nínù tó lè mú un kúrò.

Títún fín

Ó wá ku èyí tí ẹ ti ń dúró dè. Ìgbà wo la máa tún lẹ́tà fín?

Ta ló ti rí àgbà ọgọ́rin ọdún tí wọ́n tún gbé padà sọ́dọ̀ olóòlà, pé kó bá wọn tún pélé rẹ̀ kọ torí pé kò hàn bíi ti àná mọ́? Ojú àti ìlà ti jọ darúgbó. Bẹ́ẹ̀ ni lẹ́tà ẹ̀yìn aago rí. Tí ẹ bá fi irin tuntun gba orí rẹ̀ kọjá, ọwọ́ tiyín ló máa kù níbẹ̀, ọwọ́ ẹni tó kọ́kọ́ fín in ti lọ.

Ẹ wá wo góòlù. Ilẹ̀ góòlù ni ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, àwọn ará Ìgún àti Ìpérindó mọ̀ ọ́n, kò yẹ kí omi góòlù tàn wá jẹ. Aago tí wọ́n kọ 20 microns sí lára, omi góòlù rẹ̀ kò nípọn ju 0.02 mìlímítà lọ. Idẹ ló sábà máa ń wà lábẹ́ rẹ̀. Irin ìfín yín á ti la góòlù kọjá kẹ́ ẹ tó mọ̀ pé ó wọlé. Òógùn á bá idẹ pàdé, lẹ́tà yín á yọ ewéko bíi ti ògiri ìdí odò. Irú aago bẹ́ẹ̀, ọ̀dà ni kẹ́ ẹ mọ sí.

Ti irin tí kì í dípẹtà, òun náà ní tirẹ̀. Ó le, irin ìfín máa ń yọ̀ lórí rẹ̀, ẹ lè fa ìlà kọjá orúkọ. Ìdérí tó bá sì ti tín-ín-rín, tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ jù á wọnú. Aago tó ń wáìnì ara rẹ̀, irin kan ń fì kiri lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ó sún mọ́ ìdérí gan-an. Á bẹ̀rẹ̀ sí í ha á. Ẹ má sì fi aago tí ẹ́ńjìnnì ṣì wà nínú rẹ̀ sábẹ́ irin ìfín láé. Ẹ̀rún irin kan ṣoṣo ti tó láti dá a dúró.

Ìgbà wo wá ni? Tó bá jẹ́ orúkọ ìdílé, tí olóhun mọ ohun tó ń bèèrè, tí irin nípọn, tí fọ́tò ti wà nílẹ̀. Ẹ gbé e fún alágbẹ̀dẹ wúrà tó ń fín òrùka. Wọ́n wà láàárín wa níbí, ọwọ́ wọn ti mọ́ ọn lára ju ọwọ́ aláago lọ. Kí ó gba inú kòtò àtijọ́ lọ, kí ó má gbẹ́ tuntun.

Ọmọ kan ní kí n bá òun fi àmì ohùn sí orúkọ bàbá òun, pé wọn ò fi àmì sí i nígbà náà. Mo ní bàbá rẹ fi í sọ́wọ́ bẹ́ẹ̀ títí ó fi kú, kò bínú, kí ló wá kàn ọ́?

Nọ́ńbà kì í ṣe tiwa

Èyí kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ó gba ojú líle. Orúkọ bàbá ẹni, ti ìdílé ni. Nọ́ńbà iléeṣẹ́, ẹ̀rí ni, ẹ má tún un fín. Ní 1945, iléeṣẹ́ 12 ṣe aago fún àwọn sójà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, W mẹ́ta ni wọ́n sì fi sẹ́yìn wọn pẹ̀lú àmì ọfà. Àwọn tó ń kó aago jọ ń wá wọn kiri lónìí torí àmì yẹn. Ẹ rò ó wò: ṣé kò ní sí ẹni tó máa gbé aago lásán wá pé kẹ́ ẹ bá òun fín W mẹ́ta sí i? Rolex àtijọ́, àárín ẹsẹ̀ tí okùn aago ń gbà wọlé ni nọ́ńbà rẹ̀ wà. Okùn onírin máa ń jẹ ibẹ̀, ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ "kàn mú un hàn dáadáa" lè jẹ́ ẹni tó fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a, ọjọ́ náà lè bá a lórí tábìlì yín. Ohunkóhun tí ẹ bá sì ṣe, ẹ kọ ọ́ sínú rìsíìtì: ọ̀dà ni mo fi sí i, tàbí pé lẹ́tà báyìí-báyìí la tún fín.

Mo rí i tí alága ti ń wo aago ọwọ́ wọn, mo sì ti rí i láti ibí pé wọ́n ti fi pólíìṣì rà á (ẹ̀rín). Tábìlì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, mo ti to ọ̀dà, igi ìtayín àti ìwé ìpè ìgbéyàwó síbẹ̀. Ẹni tó bá mú aago wá kó tò lẹ́yìn ara wọn, àgbà ló máa kọ́kọ́ ṣe tiwọn. Ti omi góòlù, a máa fọ̀ ọ́, a sì máa kùn ún. Ti góòlù pọ́ńbélé, ẹ fi í sọ́wọ́, a máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù.